Omi Iyọ̀ Tí Dókítà Fíríìjì Fi Wo Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ dákun, ẹ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó gbé fóònù yín sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà nínú ilé yín, ẹ kà á sí i létí.

1.

Ọkùnrin kan wà tó ń tún fíríìjì ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Bó bá ti fi etí ti ẹ̀yìn fíríìjì tó ń kùn, ẹ̀rín ni yóò rín, yóò ní, "Mo ti gbọ́ ohun tó ń ṣe é." Bẹ́ẹ̀ làwọn oníbàárà ṣe ń pè é ní Dókítà Fíríìjì. Orúkọ àwàdà lásán ni o, àmọ́ nígbà tó yá, orúkọ náà gùn ún lórí. Inú ń run ọ́? Dókítà mọ oògùn ẹ̀. Orí ń fọ́ ọ? Wá bá Dókítà. Ohun tó bá gbọ́ lórí fóònù láàárọ̀, yóò ti fi wo ẹlòmíì lọ́sàn-án. Ara àwọn kan yá, nítorí pé àìsàn wọn ò le tẹ́lẹ̀. Ló bá gbà pé òun ni.

Fíríìjì ilé tirẹ̀ ńkọ́? Ó ti kú tipẹ́. Bàtà ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, bẹ̀ ẹ́ títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Ṣé tiwa nìkan ni ò lè rí dókítà ni?"

"Ìwọ obìnrin yìí, ẹnu ẹ mú ju abẹ́rẹ́ ẹ lọ."

2.

Lọ́jọ́ kan tí ooru mú gan-an, adìyẹ tí wọ́n sè lánàá ṣẹ́ kù nínú ìkòkò. Ìyàwó ṣí i, ó gbọ́ òórùn, ó yímú. Ó fẹ́ dà á nù.

"O fẹ́ da kí ni nù?" Dókítà bi í. "Gbé e kaná. Kò sí kòkòrò tí iná ò lè pa. Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ni?"

Bí oníbàárà kan ṣe pè é nìyẹn, ló bá jáde. Ọmọbìnrin wọn ṣì wà nílé ìwé. Ìyàwó gbé adìyẹ náà kaná, òun nìkan ló sì jẹ ẹ́, torí kó má baà di ìjà.

3.

Nígbà tí ọkọ fi máa padà dé, ìyàwó ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ. Ó gbórí lé etí báàfù, ó ń bì, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, jókòó tì í pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

"Ọkọ àbúrò mi, mo ra oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ìgbẹ́ gbuuru. Ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dúró sí i nínú. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sibítù."

Dókítà gba ife náà, ó sì dà á sí sínkì.

"Májèlé wà níkùn ẹ̀, ẹ wá ń bomi lé e lórí? Ṣe ló yẹ kó pọ̀ ọ́ jáde!"

Ó bu iyọ̀, ẹ̀kúnwọ́, sínú omi díẹ̀. Ó pò ó títí ó fi ki bí ẹ̀kọ. "Mu ún."

Ìyàwó mu ún. Ó bì títí nǹkan aláwọ̀ ewé fi ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé fóònù, ó ń ya fídíò: "Ẹ̀yin ará, ẹ wo bí májèlé ṣe ń jáde!" Ó sì tún po òmíì. Ọmọ wọn ti dé láti ilé ìwé, ó dúró sí ìgun yàrá, ó ń wò wọ́n.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí," ìyàwó ní. "Ẹ fún mi lómi lásán. Ẹ̀kán péré."

"Omi á ba oògùn jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbé àbúrò rẹ̀ dìde. Ọkọ tì í síta, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀kùn. "Káráyé lè gbọ́ pé ìyàwó Dókítà sùn sọ́sibítù? Láéláé!"

4.

Nírọ̀lẹ́, èébì dáwọ́ dúró. Dókítà yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀. Kò mọ̀ pé kò sí omi kankan tó kù lára obìnrin náà mọ́ ni. Ojú rẹ̀ ti jìn, ètè rẹ̀ ti la. Ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní "Màmá". Nígbà tó yá, gìrì gbé e. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó ba ọkọ, ìgbà yẹn ló ṣílẹ̀kùn.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin tó gbà wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì gbójú sókè.

"Ta ló fún un níyọ̀?"

Ọkọ tẹjú mọ́ fóònù ọwọ́ rẹ̀.

"Mo bi yín léèrè!"

"Wọ́n ní... wọ́n ní ó máa ń fọ inú ni," ọkọ ní.

"Iyọ̀ yẹn ti fa omi kúrò nínú ọpọlọ ẹ̀. Ká ní ẹ fi í sílẹ̀ kó máa mu oògùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó ń mu tẹ́lẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kó ti máa gbádùn."

Ìyàwó Dókítà Fíríìjì ò jí mọ́.

5.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé ìwé ọmọ pe Dókítà. Tíṣà obìnrin kan ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Inú ló ń run ún látàárọ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la ti bá a. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá wù wá ni ká pè, ká ṣáà má pe bàbá òun."

Bàbá na ọwọ́. Ọmọ sá sẹ́yìn tíṣà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀ pinpin. Òógùn bò ó, ikùn ń lọ́ ọ. Láti abẹ́ ọwọ́ yẹn ló ti ń sọ̀rọ̀:

"Bàbá mi, inú ò run mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Inú ò run mí mọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Oúnjẹ tó bá ti ń rùn, ẹ dà á nù, iná ò lè sọ ọ́ di tuntun. Bí oúnjẹ bá ṣe èèyàn yín ní jàǹbá, ẹ má fi iyọ̀ mú un bì. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kó máa mu omi oògùn ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n ń tà nílé oògùn, díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá tọ̀ mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí omi ò bá dúró nínú rẹ̀, tàbí tó bá ń sọ ìsọkúsọ, ọsibítù ni kíá. Ẹ má ro ohun tí aráyé máa sọ. Ó dáa kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, ju kí ọmọ yín máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ níwájú yín lọ.