Bàálù Tó Ń Ya Wèrè Lọ́jọ́ Ọmọ Mi

"Bàálù yìí tún ti bẹ̀rẹ̀."

Olúdáre ọmọ mi, tó ń wa bàálù, ló sọ bẹ́ẹ̀. Pápákọ̀ òfúrufú Benin la wà.

Tó bá ti ọ̀pá tó ń darí ẹ́ńjìnnì síwájú, ẹ́ńjìnnì á gbọ́. Tó bá tún un ṣe, kò ní gbọ́ mọ́.

Ọjọ́ tí ọmọ mi bá fẹ́ wà á nìkan ló sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti pààrọ̀ wáyà. Wọ́n ti yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Wọ́n ní bóyá òjò ni.

Ní báyìí, wọ́n ti ń wo Dáre bí ẹni tí kò mọ bàálù wà.

Èmi tí mò ń gbálẹ̀ inú bàálù náà láràárọ̀, inú ń bí mi.

Mo ní, "Ẹnjiníà, ẹ tún un wò dáadáa. Ọmọ yìí mọ iṣẹ́ ẹ̀."

Ẹnjiníà Iredélé tú ìdí ọ̀pá náà. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbọ́ òórùn ẹ̀.

"Èyí kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Òróró ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ta ló ń da òróró síbí?"



Dáre wo àpò aṣọ iṣẹ́ mi tó wú.

"Mummy, na you?"

Mo ní, "Díẹ̀ péré ni. Ọjọ́ tó bá jẹ́ ìwọ lo máa wà á nìkan ni. Pásítọ̀ ní kí n máa fi yan ohunkóhun tóo bá dáwọ́ lé."

Ẹ̀rín dá Ẹnjiníà jókòó sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iwájú orí ọmọ mi ni mo ta òróró sí.

Bí mo ṣe gbójú sókè, Ẹnjiníà ti tò sẹ́yìn ẹ̀.