Ìtumọ̀ Balmy

Tíṣà kọ "balmy" sójú pátákó, ó sì yíjú sí àwọn ọmọ. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Mayfair, nílùú òyìnbó, ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ìwé-àṣẹ tí tíṣà fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ parí, tó bá sì kọ́ni dáadáa láàárọ̀ yìí, wọ́n máa gbà á síṣẹ́.

"Tí oòrùn ò bá mú jù, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ là ń pè ní balmy."

Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì, mirí. "Wèrè ló túmọ̀ sí, tíṣà. Ṣé èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn dá yín lójú?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Damaris, ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, dìde. "Òótọ́ ni tíṣà sọ, ma. Bí mọ́mì mi ṣe máa ń lò ó nìyẹn."

Tíṣà wo ojú ọ̀gá.

"Jókòó," ó jágbe mọ́ ọmọ náà. "O ò mọ nǹkan kan. Ohun tí ọ̀gá sọ ni kó o kọ."

Nígbà tí agogo lù, ọ̀gá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin lẹ jàre," ó ní. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa lè dúró lórí ohun tó dá yín lójú ni. A ò lè gbà yín síṣẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ma, ẹ jẹ́ kí n padà wọlé lọ tún un ṣe fún wọn."

"Ó ti bọ́ sórí."

Láti ojú fèrèsé, tíṣà rí Damaris tó dorí kodò, tó ń fi ìrésà pa ìtumọ̀ tíṣà tó ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, títí ìwé fi ya.