Apá Mẹ́ta àti Ohùn Ìyá Kan

Ẹ̀yin tí nǹkan kì í dára tó lójú yín, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ìlú Morioka níbí, ní Japan, ló ti ṣẹlẹ̀. Mo mọ ọkùnrin náà.

1. Nígbà tí ìyá Hisamitsu kú, Toyoko, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, rí àwo orin kan nínú àpótí aṣọ olóògbé. Ìyá wọn ló kọrin sínú rẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá kan tó ń gba ohùn oníbàárà sórí àwo, kí ó tó lọ́kọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni, kò sì ní ẹ̀dà. Toyoko kò ní giramafóònù, ó gbé e fún àbúrò rẹ̀ kí wọ́n lè jọ gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìrántí ọdún kìíní.

Apá giramafóònù Hisamitsu, ọ̀pá tó ń gbé abẹ́rẹ́ sórí àwo, gùn ní íǹṣì mẹ́sàn-án. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì yẹ́ẹ̀nì, owó Japan, ló rà á. Ó dán àwo náà wò, ó ní ohùn ìyá òun ń ha létí.

Toyoko dé lọ́jọ́ ìrántí náà.

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi. Apá yìí kúrú."

"Ṣé apá ni mo wọ ọkọ̀ láti Hachinohe wá gbọ́ ni?"

2. Hisamitsu lọ bá Kitamine, bàbá arúgbó tó ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Bàbá ní apá gígùn máa ń mú abẹ́rẹ́ dúró ṣánṣán ju kúkúrú lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ó wá bi í pé, "Àwo wo lẹ fi ń dán wọn wò?"

"Ti ìyá mi."

Bàbá gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Irú àwo yẹn kò le. Gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gba orí rẹ̀ kọjá ló ń jẹ ẹ́. Ẹ gbà á sórí fóònù lónìí, kí ẹ wá àwo mìíràn dán apá wò."

"Fóònù kẹ̀? Kí n sé ìyá mi mọ́nú fóònù? Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ dunjú tí mo lè fi dán apá wò."

"Ẹ ó mọ̀ ọ́n dunjú títí yóò fi tán."

Ó ra apá oníńṣì mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án yẹ́ẹ̀nì. Ó fi àwo ìyá rẹ̀ sí i, ó dá a padà sórí ti mẹ́sàn-án, ó tún gbé e sórí ti mẹ́wàá. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìrántí ọdún kẹta kọjá. Kò ì tíì ṣe tán.

3. Lẹ́yìn náà ló ra oníńṣì méjìlá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Orí àpótí giramafóònù rẹ̀ kò gbà á, ó ní láti kan òmíràn. Toyoko pè é lórí fóònù.

"Hisamitsu, ṣé dìgbà tí wọ́n bá ń sun tùràrí níbi ìsìnkú tèmi náà lo tó máa ṣe tán?"

"Ó ku díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọdún mélòó ni díẹ̀ rẹ?"

4. Ìrántí ọdún keje pé. Àlùfáà ka àdúrà òkú tán nílé Hisamitsu, ó lọ. Toyoko kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan. Hisamitsu sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀.

Ohun tí wọ́n gbọ́ dà bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Lẹ́yìn òjò náà, ohun kan ń kùn bí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri méjì.

"Ṣé kò ì tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ó ti parí, ẹ̀gbọ́n mi."

Toyoko kò sunkún. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ tó gbọ́ ọ nígbà igba, kọ orin náà fún mi."

Hisamitsu la ẹnu. Ó mọ ibi tí ohùn náà ti ń ha, ó mọ ibi tó ti nípọn. Kò mọ ọ̀rọ̀ orin náà, ẹyọ kan. Apá ló ń gbọ́ láti ọdún mẹ́fà.

Toyoko wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ìwọ tó ń ka èyí, ṣọ́ra. Ohun tó o ní lónìí, jẹ́ kí àwọn tó ni ín pẹ̀lú rẹ jẹ nínú rẹ̀ lónìí, bí kò tilẹ̀ dára tó lójú rẹ. Ìgbéraga ni kí o máa pe ìwà yìí, má pè é ní ìfẹ́. Ẹni tó ń wá ìfà kiri, òfò ló ń wá.