Ìgò Kẹta

Bí Sefina bá tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí, ilé ló ń lọ. Nígbà àkọ́kọ́, ohun tó tọ̀nà ló kọ, àfi bó ṣe yọjú wo ìwé Iosua tó jókòó tì í, tó sì pa tirẹ̀ rẹ́. Àwọn méjèèjì jọ fìdí rẹmi ni. Láti ìgbà náà ni Iosua ti ń pè é ní ìkejì òun káàkiri ìlú Apia.

Ìyáàfin Lagimaina ló ń kọ́ wọn níṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ nílé ìwòsàn. Ó ti lé lógójì ọdún, ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gba gbẹ̀rẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, wọ́n gbé kókò àti ẹja wá fún un, ó ní kí wọ́n gbé e kúrò, pé ooru ti pọ̀ jù. Ó to ìgò ìtọ̀ mẹ́ta síwájú oníkálukú, ó ní kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ti aboyún.

Sefina ti bébà àyẹ̀wò bọ ìgò kìn-ín-ní. Ìlà méjì yọ: oyún wà. Ìkejì rí bákan náà. Nínú ìkẹta, ìlà kejì ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Iosua sọ ọ́ sí i létí pé olùkọ́ kì í ṣàì fi ọ̀kan tí kò lóyún sí i. Ọwọ́ Sefina lọ síbi rọ́bà tó fi ń pa nǹkan rẹ́, ó sì padà. Ohun tó rí ló kọ.

Olùkọ́ wo ìwé rẹ̀, ó mi orí.

"Sefina, o tún ti ṣìnà. Kò sí oyún nínú ìkẹta."

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Mo mọ ẹni tó ni ín bí ẹní mowó. Ó wojú Ọlọ́run títí fún ọmọ, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Sefina na ìgò náà sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fojú ara yín wò ó. Bẹ́ ẹ bá ní kí n máa lọ sílé, màá lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní pa á rẹ́."

Olùkọ́ mú bébà tuntun, ó tì í bọ ìgò kẹta. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó já páálí mìíràn, ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Sefina bi í bóyá òun yege.

"O yege," ni olùkọ́ wí, ẹ̀rín àti omijé dàpọ̀ lójú rẹ̀, "ìtọ̀ tèmi ni mo rọ sínú ìgò kẹta láàárọ̀ yìí."