Aṣọ Tó Wà Nínú Omi

Òǹkọ̀wé kan tilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń lu bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà bí ẹni ń kan ìṣó, kí ìyàwó rẹ̀ lè máa gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé ti kọ ìtàn tòní parí kí tíì rẹ̀ tó tutù. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ìyàwó á ní kó wá bá òun fọṣọ.

"Olówó orí mi, ṣé ó kù púpọ̀?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni."

Ọ̀rọ̀ játijàti ló kọ́kọ́ ń tẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa ọkùnrin kan tó sá fún aṣọ fífọ̀, tó lọ dùbúlẹ̀ sínú pósí tí káfíńtà àdúgbò kàn, tí wọ́n sì gbé e, ó di itẹ́ òkú. Ẹ̀rín ń pa á. Kò mọ ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, tọwọ́ tọṣẹ.

Ìyàwó ka ti ẹ̀rọ, ó yán. Ó ka ti pósí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Nítorí aṣọ mi lẹ ṣe kọ èyí?"

"Má bínú."

"Ṣé wọ́n padà sin ín?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ó dìde, ó rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ká gbogbo kọ́tìnnì ilé, títí kan èyí tó fọ̀ lánàá, ó rẹ wọ́n sínú omi, ó wá gbóhùn sókè:

"Olówó orí mi, aṣọ mà kún ilẹ̀ níbí o."