Onídùúró fún Owó Ìwé Ìléríolúwa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni kí ẹ tó kà á dé òpin. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

1.
Iléṣà ni wọ́n bí Ìléríolúwa sí. Julianah, màmá rẹ̀, ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Nígbà tí ọmọ dé ọdún kẹta ní yunifásítì, owó aṣọ rírán kò ká owó iléèwé mọ́. Ìjọ wọn ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó máa ń yá ọmọ ìjọ lówó kàwé. Tí ọmọ bá sìnlú tán, tó sì ríṣẹ́, á máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Àmọ́ ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí gbọ́dọ̀ fi owó tí òun fúnra rẹ̀ ti tọ́jú sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ dúró fún un.

Tíṣà Elisha ló dúró. Òun ló kọ́ Ìléríolúwa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì ti ń kọ́lé bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Páànù nìkan ló kù, owó páànù náà ló sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ó gba bírò, ó buwọ́ lùwé, ó ní ọmọ tí òun kọ́ ni.

2.
Ọlọ́run bá a ṣe é. Ìléríolúwa jáde, ó sìnlú, ó ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta sólà l'Óṣogbo, ó sì gba yàrá méjì ní Dàda Estate. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó san owó ẹgbẹ́ pé. Ní oṣù kẹrin, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó rí i pé òun nìkan ló ń gun ọ̀kadà wá. Ló bá lọ ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀. Ó ní òun á san ti ẹgbẹ́ tó bá di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ oṣù tó ń bọ̀ yẹn. Kì í dé.

Màmá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù títí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé owó ìjọ ni, ìjọ kì í múni lọ sí tẹ́ṣàn. Nígbà tó yá, ó pààrọ̀ nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò mú un lọ sí tẹ́ṣàn. Owó Tíṣà ni wọ́n ń yọ.

3.
Ní àárọ̀ Sátidé kan, Tíṣà wọkọ̀ láti Iléṣà, ó wá a dé Dàda Estate. Ìléríolúwa yọjú lójú fèrèsé, ó rí i, ó sì sáré bẹ Kifayat, ìyàwó ilé tí wọ́n jọ ń gbé ọgbà, pé kó sọ pé òun ti rìnrìn-àjò. Kifayat kò fẹ́ parọ́ fún àgbàlagbà.

"Bàbá," ó ní, "wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti rìnrìn-àjò."

Tíṣà wo ọkọ̀ tó wà nínú ọgbà. Ó jókòó díẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ó kọjú sí fèrèsé.

"Ìléríolúwa, òṣómàáló ni bàbá mi. Tó bá ta aṣọ láwìn, tí wọn ò san án, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde àfi tó bá gbowó ẹ̀. Orúnkún tèmi ò gbà á mọ́. Mò ń re ulé." Ó dìde, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Ojú ti Ìléríolúwa nínú yàrá níbẹ̀. Síbẹ̀ kò jáde. Lọ́dún yẹn ni Tíṣà fẹ̀yìn tì, inú yàrá tó háyà ló sì fẹ̀yìn tì sí. Òjò ń rọ̀ sínú ilé tó kọ́.

4.
Lẹ́yìn ọdún kan, lọ́jọ́ Ẹtì kan, ilé-iṣẹ́ ńlá kan n'Íbàdàn pe Ìléríolúwa sí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ń gbà. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ọjọ́ Ẹtì náà ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ l'Óṣogbo, tó tún fi ọ̀gá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tó délé ló tó ka fọ́ọ̀mù wọn dáadáa. Wọ́n fẹ́ onídùúró méjì tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́wàá, tí wọn kì í ṣe ẹbí. Ó gbọ́dọ̀ mú un dé lọ́jọ́ Ajé.

Ó wa ọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì àdúgbò wọn, ó lọ bá alàgbà ìjọ, ó lọ bá ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Gbogbo wọn ló bi í léèrè ohun kan náà: "Tíṣà ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Tíṣà. Ó ní owó oṣù àkọ́kọ́ lòun á fi san gbogbo rẹ̀. Tíṣà gbé e dìde, ó fún un lómi mu, ó ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń máàkì ìdánwò, ó sì dá a padà.

"Mi ò bínú sí ẹ," ó ní. "Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbí pé mo mọ̀ ẹ́, àti pé o ṣeé fọkàn tán. Mo mọ̀ ẹ́ lóòótọ́. Èkejì yẹn ni mi ò lè kọ."

Julianah ní òun ìbá buwọ́ lù ú, àmọ́ fọ́ọ̀mù kò gba ìyá. Ọjọ́ Ajé kọjá, wọ́n fún ẹlòmíràn níṣẹ́. Ti Òṣogbo náà kò gbà á padà. Ó ta ọkọ̀, ó fi san gbogbo gbèsè ẹgbẹ́, owó Tíṣà sì padà sọ́wọ́ rẹ̀ láìdín kọ́bọ̀. Nígbà tí Tíṣà gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta páànù, páànù ti gbówó lórí, owó náà kò ká ìdajì òrùlé ilé rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo bẹ̀ yín. Owó tí ẹ fi kàwé kì í ṣe ti ìjọ, kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ lásán. Èèyàn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí yín. Ẹ san án nígbà tó ṣì lè ra ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ tọ́jú ẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà egbèje.