Irin Pẹlẹbẹ Ọrùn Ajá

Òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú àwọn ajá tí kò nílé fọwọ́ wá ọrùn ajá náà títí, kò rí nǹkan kan. Kò tíì ju oṣù kan lọ tó fi í lé ìdílé yìí lọ́wọ́. Ajá tó gbẹ bí igi ìdáná ti sanra, ó na gbalaja sẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá arúgbó bí ẹni tí wọ́n bí sínú ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irin pẹlẹbẹ tí a kọ àdírẹ́sì yín sí dà? Bí kò bá sí lọ́rùn rẹ̀, a ó mú un padà ni o."

Ọmọbìnrin bàbá náà tẹríba. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má mú un lọ."

"Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bó bá jáde ńkọ́?"

"Á padà wálé. Ó mọ̀nà ilé ju èmi gan-an lọ."

"Irin ọ̀hún wá dà?"

Obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó rọra tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù bàbá. Irin náà ń dán ní àyà bàbá.

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "O ṣé, ọmọ dáadáa. Ọmọ ta ni ọ́?"